Òdòdó Róbótó Ẹnu Ọ̀nà Magdalene

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Magdalene jẹ́, ẹ pè é lórí fóònù níbi iṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní àárín Barking. Òun ló ń gba ìpè àwọn tí eyín ń dùn, ohùn tó sì fi ń dá wọn lóhùn kì í ṣe ohùn tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn. Ọmọ Ìjerò Èkìtì ni, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé fóònù, ohùn yẹn á di tẹ́ẹ́rẹ́, á gba imú kọjá, á wá jáde bí ohùn ẹni tí wọ́n fi ṣíbí fàdákà tọ́. "Good morning, how may I help you?" Gbádégẹṣin ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ pè é níbẹ̀ láti béèrè ibi tí iyọ̀ wà, òun bẹ ẹni tó gbé fóònù pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun pe ìyàwó òun.

Ìyá Wúrà ni wọ́n ń pe èmi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé wọn ní Barking Riverside, níbi tí wọ́n kọ́ ilé tuntun sí lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe iná mànàmáná láyé àtijọ́. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà. Kérúbù ni mo ń lọ, Magdalene ní tirẹ̀ ń lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ńlá kan tí wọ́n ti ń lo iná bíi ti tíátà. Láti Peckham ni wọ́n ti kó wá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Peckham sétí òun mọ́. Ó ní níbẹ̀, àtẹ̀gùn kan náà ni tolówó tòtòṣì jọ ń gùn. Níbí, òun ti ní ilẹ̀kùn tòun, tó kọjú sí títì, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ó máa ń fi aṣọ nu ilẹ̀kùn yẹn bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Aago kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà tó ní ojú kámẹ́rà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe inú ilé nìkan ló ti ń dún. Ó ń dún nínú fóònù Magdalene níbikíbi tó bá wà, ó ń rí ọ, ó sì lè bá ọ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ìwọ rí i. Ohùn ibi iṣẹ́ ló sì fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èmi tí mo kàn fẹ́ yá ẹ̀rọ ìlọta ti dúró rojọ́ fún ilẹ̀kùn yẹn rí, àfi bí ẹni wà ní kóòtù.

Magdalene bí ọmọ kan, Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ tó dára lójú, tó dára níwà, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó sì ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe pé ọkùnrin kò wá. Wọ́n wá, ìyá ló ń dá wọn padà. Ti eléyìí ni pé takisí ni bàbá rẹ̀ ń wà. Ti ìyẹn ni pé ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀kan wà tí èmi fẹ́ràn gan-an, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni pé ó fi ọwọ́ jẹ iyán lójú Magdalene. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò: ọmọ Èkìtì ló lé ènìyàn nítorí pé ó fi ọwọ́ jẹ iyán!

Nígbà tó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọn ọmọ-ọmọ kiri, wọ́n ń gbé àwòrán wọn sí fóònù láàárọ̀ lálẹ́. Ní ìjọ wọn, wọ́n ti fi orúkọ Ayọ̀ sínú àdúrà àwọn tó ń wá ọkọ, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni orúkọ. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, ó sọ fún mi láti orí ọgbà pé, "Ìyá Wúrà, ẹ̀rù ń bà mí o. Bó bá ṣe pé èmi ni mo ba ọ̀nà ọmọ yìí jẹ́ ńkọ́?" Èmi náà mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àsìkò yẹn ni Jìmí dé, ọkùnrin tí Ayọ̀ fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè nínú àwọn ilé tó ga ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, òjò òtútù ń rọ̀, Magdalene wà níbi iṣẹ́, ó sì rí i nínú fóònù. Dípò kó ní kí ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè láti inú aago: Níbo lò ń gbé? Ta ni àwọn òbí rẹ? Ṣé iṣẹ́ gidi ni kí ènìyàn máa tún ẹ̀rọ ṣe? Ọmọkùnrin yìí dúró sínú òjò, ó ń dá ilẹ̀kùn lóhùn ní "yes ma, yes ma." Gbádégẹṣin wà nínú ilé ní gbogbo àsìkò yìí, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó fẹ́ gbé ìdọ̀tí síta ló rí ọkùnrin tó rin gbingbin tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Ayọ̀ kò pariwo. Ó kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mummy, it's this one or nobody." Magdalene gbà, kò lé e mọ́. Ṣùgbọ́n kò bẹ Jìmí. Ẹnu rẹ̀ mọ "how may I help you", kò mọ "má bínú".

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí a fi gbọ́ pé bàbá Jìmí wà ní London. Bàbá Adéwọlé lorúkọ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè. Wọ́n wá wo àwọn ọmọ wọn, wọn ò ní pẹ́ padà sílé. Wọ́n ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá kí àwọn òbí ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Kì í ṣe ìdána, kì í ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n ní òun kàn fẹ́ kan ilẹ̀kùn wọn kóun tó lọ, kí òun lè mọ ibi tí àwọn ẹbí yóò wá bí wọ́n bá fẹ́ tọrọ ọmọ.

Magdalene wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá Wúrà, ẹnu ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Tí bàbá yẹn bá dé ẹnu ọ̀nà, kí ó ti mọ̀ pé a fẹ́ wọn."

Mo ní, "Ẹ ò ṣe fi ẹnu yín sọ ọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jó lójú títì. "I want a wreath," ló wí.

Òdòdó róbótó tí àwọn òyìnbó ń so mọ́ ilẹ̀kùn ló ń sọ. Mo bi í pé ta ló kú, torí níbi tí èmi ti wá, orí ibojì la ti ń rí irú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní èmi ò mọ nǹkan kan nípa spring. Ó ní Victoria, ìyá òyìnbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń so òdòdó tuntun mọ́ ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí ojú ọjọ́ bá yí, fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Ó ní a jọ ń lọ ni.

A pẹ́ dé. Aṣọ ló ń yàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń fi ìyẹ́ rírọ̀ àti ẹyin aláràbarà sára ẹ̀ka igi tí wọ́n ti hun, kò sì sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù fún wa. Victoria kò bínú. Ó ní, "Don't worry, Maggie. The best ones are made from what you've already got at home. Look in your kitchen. Use things that say something about your family."

"Absolutely," ni Magdalene wí. Ó wí i bíi mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà ní abúlé ti ń fura sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá ni igi tó ṣeé tẹ̀. Kò sí ilé ọmọ Yorùbá kan ní ìlú yìí tí kò ní ìgbálẹ̀ tí wọ́n kó wá láti ilé. Magdalene ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ló fi í pamọ́ sí kí àlejò má baà rí i. Ó mú un jáde, ó tú u, ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ títí ó fi rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ róbótó, ó sì fi ríbọ́ọ̀nù pupa tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀bùn Kérésì di í yíká. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ pupa. Ó ní ìyẹn ló wà nílé.

Ó wá ń wá nǹkan tí yóò fi sára rẹ̀. Ó mú ìkarahun ìgbín tó ti fọ̀ pamọ́ láti ọjọ́ tó se ọbẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ wọn. Ó mú ata gígùn gbígbẹ, torí àwọ̀ rẹ̀ dára. Gbádégẹṣin sì ń jẹ àgbàdo lórí àga, ṣùkù tó fi sílẹ̀ sórí tábìlì, Magdalene gbé e, ó gbẹ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ìdáná, ó gé e, ó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ bí agogo. Ó fi abẹ́rẹ́ lu ẹyin, ó fẹ́ inú rẹ̀ sínú àwo, ó so àwọn èèpo náà mọ́ òkè. Ó wá yíjú sí mi pé ṣé mo ṣì ní imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ó ní òun fẹ́ nǹkan tútù.

Mo ní, "Màmá Ayọ̀, ẹ dúró ná. Ìgbálẹ̀. Ṣùkù àgbàdo. Ìkarahun ìgbín. Ata. Nǹkan pupa. Ẹ wá tún fẹ́ fi imọ̀ sí i. Ẹ wò ó dáadáa, kí ló jọ lójú yín?"

Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Rustic," ló wí.

"Rọ́sítíìkì kọ́. Ní oko bàbá mi ní Ìkirè, bí wọ́n bá so ìdajì èyí mọ́ igi obì..."

"Ìyá Wúrà! Ẹ̀yin Kérúbù, you people will see spirit inside bread. Wreath ni. It means welcome."

A kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì. Mo lọ mú imọ̀ wá fún un, mo sì ní kó ṣe é dáadáa.

Ẹnu ọ̀nà ló gbé e kọ́, gẹ́rẹ́ lókè aago olójú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi bo aago náà, ojú kámẹ́rà nìkan ló yọ díẹ̀ láàárín ṣùkù méjì. Victoria sáré wá láti òdìkejì títì. Ó ní irú rẹ̀ kò sí, ó ní òun rí Áfíríkà níbẹ̀, ó ya àwòrán rẹ̀, ó ní wọ́n máa yan ilẹ̀kùn tó dára jù ní àdúgbò lópin oṣù àti pé òun mọ ẹni tí òun máa dìbò fún. Magdalene kò sùn tán lọ́jọ́ yẹn nítorí ayọ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kò ṣe bíi ti Victoria. Habeebullah, ọmọ Ìlọrin tó ń pín ẹrù fún àdúgbò wa, tó ti máa ń ju ẹrù sílẹ̀ bí ẹni ju òkò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù Magdalene síwájú ilé tèmi, á sì rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò. Àwọn arábìnrin ìjọ rẹ̀ tó ní àwọn ń bọ̀ wá gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀ dé ojú títì, wọ́n dúró, wọ́n jíròrò, wọ́n sì lọ gbàdúrà náà lórí fóònù. Magdalene sọ fún mi pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bu fún ẹwà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sátidé pé. Magdalene gún iyán, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún un, ó se ẹ̀fọ́ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo òpópónà. Ó ní kí n wá jókòó ti òun, torí ọkọ òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Gbádégẹṣin wọ agbádá, ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Ayọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń tún àwo tí kò wọ́ tò. Fóònù wà lọ́wọ́ Magdalene bí ìwé àdúrà.

Fóònù dún pé ojú aago ti rí ènìyàn. Gbogbo wa bò ó. A rí Jìmí, a rí bàbá rúmúrúmú kan nínú kóòtù eérú àti fìlà, tí wọ́n ti ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀ ní etídò, torí wọ́n ní bọ́ọ̀sì London ń fi àlejò ṣòfò. Èmi tí mo ń wa bọ́ọ̀sì gba ìyẹn mọ́ra. Jìmí na ọwọ́ kó tẹ aago. Bàbá gbá ọwọ́ náà mú.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Daddy, decoration ni."

"Dákẹ́." Bàbá yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú, wọ́n sún mọ́ ilẹ̀kùn títí imú wọn fi kún ojú fóònù. "Mo fi gbogbo ayé mi wo ẹrù tí wọ́n fi nǹkan bò. Kò sí decoration níbí. Àálè nìyí."

Nínú ilé, Magdalene ní, "Kí ni wọ́n pè é?" Àálè ni àmì tí olóko ń so mọ́ ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ láti fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọmọ Ìjerò ni, ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Ní ìta, bàbá ń kà á fún ọmọ wọn bí ẹni ka ìwé ìròyìn. "Ìgbálẹ̀ rèé. Wọ́n ní àwọn gbá wa síta. Ṣùkù rèé. Ẹni tó máa jẹ ẹ́ ti jẹ ẹ́, ẹ wá ẹlòmíì lọ. Ìkarahun láìsí ìgbín. Ilé òfìfo ni ẹ bá wá. Ata, ọ̀rọ̀ yìí á ta yín. Imọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ẹ dé. Wọ́n wá fi pupa dì í, kó lè yé wa tán." Wọ́n gbójú sókè. "Ẹyin... ẹyin ni mi ò mọ̀. Ẹyin kò sí nínú tiwa ní Ìjẹ̀bú."

"Daddy, Easter ni."

Bàbá fi ìka kan ẹyin náà díẹ̀. "Kò tiẹ̀ sí nǹkan nínú rẹ̀," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. "Ọmọ mi, wọn ò fún wa lọ́mọ. Wọ́n sì sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn ò jẹ́ kí a wọlé kí wọ́n tó sọ ọ́. Jẹ́ ká máa lọ."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí Magdalene bá sáré ṣí ilẹ̀kùn ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ìpayà mú un, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn ibi iṣẹ́ náà ló jáde.

"Hello, good afternoon! How may I help you?"

Láti àárín ṣùkù àgbàdo ni ohùn yẹn ti bọ́ sí bàbá létí. Wọ́n fò sẹ́yìn, fìlà wọn bọ́ sílẹ̀. "Jìmí! Ó ń fọhùn! Àálè ń sọ Òyìnbó!"

"Hello? Can you hear me?"

"Mo gbọ́ o! A ti gbọ́! Ẹ má bínú sí wa!" Bàbá he fìlà wọn, wọ́n kọrí sí etídò, ìrìn tí wọ́n sì ń rìn kì í ṣe ìrìn ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Jìmí wo ojú kámẹ́rà díẹ̀, ó sì tẹ̀ lé bàbá rẹ̀.

Gbádégẹṣin yíjú kúrò níbi tẹlifíṣàn. "Ṣé kí n gbé iyán yẹn pa mọ́ ná?" ló béèrè.

Mo rò pé Ayọ̀ máa sunkún. Kò sunkún. Ó gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Mummy, that man read it well. Ó kà á dáadáa. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ gbé àálè yẹn kọ́. Láti Peckham ni mo ti ń rí i lẹ́nu ọ̀nà wa. Èmi lẹ so ó mọ́."

Àánú Magdalene ṣe mí débi pé mo gbàgbé gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí mo ti ń kó jọ. Lẹ́yìn náà ló fi fóònù bọ àpò búbá rẹ̀, ó já ilẹ̀kùn gbà, ó já òdòdó náà lára ìṣó, ó sì mú eré. Sálúbàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi àti Ayọ̀ tẹ̀ lé e. Ata ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò ju ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì méjì lọ.

A bá wọn lórí àga níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Bí bàbá ṣe rí ohun tó gbé bọ̀, wọ́n dìde.

"It's a wreath, sir," ni Magdalene wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ohùn ibi iṣẹ́ ló ṣì fi ń sọ̀rọ̀. "It means welcome. It's for spring."

"Madam, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni bàbá wí. "Mi ò gba òòṣà gbọ́ o, mò ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ṣùgbọ́n àálè kì í ṣe ìgbàgbọ́. Èdè ni. Ta ni ẹ rí tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ kí káàbọ̀ rí?"

Magdalene ya ẹnu láti fèsì, ó sì rí Jìmí tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ nínú àpò, ojú rẹ̀ bí ojú ẹni tí òjò ti pa lẹ́nu ọ̀nà wọn rí. Magdalene kúnlẹ̀ sórí kọnkéré etídò, lójú àwọn òyìnbó tó ń rìn pẹ̀lú ajá wọn, ohùn tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ohùn Ìjerò tí èmi kò gbọ́ rí.

"Bàbá, ẹ dákun. Ọmọ yín wá bá mi nílé nínú òjò, mo sì fi í síta bí ẹni wá ṣagbe. Mo mọ̀ pé mo ṣe ohun tí kò dára. Ẹnu mi ló wúwo láti bẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni mo fi lọ so igi mọ́ ilẹ̀kùn pé kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Jìmí, má bínú. Má bínú, ọmọ mi."

Jìmí wolẹ̀, ó ní kí wọ́n dìde, ó ní ó ti tán. Bàbá kò ì tíì gbà. Wọ́n na ìka sí òdòdó náà. "Ẹni tó so àálè ló ń tú u," ni wọ́n wí.

Magdalene jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó yọ ìkarahun, ó yọ ṣùkù, ó tú ríbọ́ọ̀nù pupa. Ibẹ̀ ni Victoria ti bá wa, fóònù lọ́wọ́, torí ó fẹ́ tún àwòrán yà tó sì bá ilẹ̀kùn lásán. "Oh Maggie, no! That was our winner!"

"Victoria, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀," ni Magdalene wí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá lòun sọ.

"Of course, darling," ni Victoria dáhùn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó lóṣòó tì í, ó na àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń bá a gba àwọn ìkarahun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kù díẹ̀ kí bàbá Adéwọlé rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ ojú omi dé, ó gbé àwọn ẹlòmíì, ó lọ. A padà sílé, bàbá àti Jìmí sì bá wa lọ. Gbádégẹṣin ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tẹlifíṣàn ti wà ní pípa, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbádá rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀ sà. Iyán náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́." Á ya ìyá rẹ̀ lọ́run lẹ́nu pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀. Imọ̀ àti èèpo ẹyin ti já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Magdalene já òdòdó náà lára ìṣó. Bàbá sì dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. Magdalene ki àwọn ọwọ̀ tó tú pọ̀, ó fi ríbọ́ọ̀nù dì wọ́n lórí. Wọ́n ti di ìgbálẹ̀ padà, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ẹnu ọ̀nà mọ́ tónítóní. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n gbé èkejì, wọ́n ní àlàáfíà fún ilé yìí. Ayọ̀ gba kóòtù wọn, a sì tẹ̀ lé wọn wọlé.

Jìmí ló kù lẹ́yìn pẹ̀lú Magdalene tó ń kó ìdọ̀tí jọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Síbẹ̀ ó dúró, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó tẹ aago, ó sì gbé ojú sókè sí kámẹ́rà, ó ń dúró kí wọ́n bi òun léèrè.

Fóònù dún nínú àpò Magdalene. Kò yọ ọ́. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá Jìmí lẹ́sẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn.

"Ta lo tún ń tẹ aago fún?" ló wí. "Èmi rèé. Wọlé."